Ọjà Márùn-ún Kì í Ṣe Ọjọ́ Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣe iṣẹ́ okùn afárá. Mo ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n péré ni mí. Ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún mi kò ká mọ́, ẹni tí ìka rẹ̀ kò bá sì ká kò gbọdọ̀ gun òkè lọ di irin mọ́ irin. Kò sí ìjà níbẹ̀, kò sí ẹkún. Ọwọ́ ló rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin kan ní Ìsàbà ló ní kí n kọ ohun tí ojú mi rí sílẹ̀, nítorí wọ́n ń rò ó bóyá iṣẹ́ irin ni àwọn yóò kọ́ tàbí aṣọ rírán. Mo gbà láti kọ ọ́, torí kíkọ rọ̀ mí lọ́rùn ju sísọ lọ.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Ilẹ̀ dúdú ni oko wa, ilẹ̀ tó máa ń sán bí àwo nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bí ẹ̀kọ nígbà òjò. Kíláàsì karùn-ún ni mo dé ní ilé ẹ̀kọ́ kí n tó dúró. Àbúrò ìyá mi ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ afárá kan, èmi ni mo ń gbé abọ́ lọ. Ní ọjọ́ kan, ọ̀gá wọn rí mi níbi tí mo ti ń tú wáyà tó lọ́ pọ̀, tí n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó béèrè ọmọ ta ni mí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó gbà mí sí iṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà náà.

Ọ̀gá Rafíù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Sakété. Aṣọ ni gbogbo ilé wọn ń tà. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé nínú gbogbo ọmọ òun, Rafíù nìkan ló yàn láti máa ta afẹ́fẹ́, nítorí inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti máa ń rí i, tó ń rọ̀ dirodiro. Ó gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Gùn, ó gbọ́ Haúsá díẹ̀. Faransé tí ìjọba wa ń lò nìkan ni kò wọ̀ ọ́ létí.

Ní ọdún àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan okùn tó wà lókè rárá. Ilẹ̀ ni mo jókòó sí. Okùn irin, tí àwa ń pè ní kábù, kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Fọ́nrán tín-ín-rín púpọ̀ ni wọ́n lọ́ pọ̀, bí ẹni lọ́ òwú. Bí fọ́nrán kan bá já, àwọn yòókù á gbé ẹrù rẹ̀. Bí òmíràn bá tún já, ẹrù á tún pọ̀ sí i lórí àwọn tó kù. Ọ̀gá Rafíù á fi aṣọ di ojú mi, á ní kí n máa fi ọwọ́ wá èyí tó já. Bí mo bá fo ọ̀kan, á ní kí n padà síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ ní Takọ́n lọ́jọ́ kan pé mo fo ọ̀kan tí kò gùn ju èékánná lọ. Ó ní kí a tú gbogbo okùn náà sílẹ̀ nínú oòrùn, kí n tún un wá láti orí dé ìdí.

Kọ̀jó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ náà. Ọmọ Gùn ni, láti ẹ̀yìn Àjàṣẹ́, ó sì ti ṣíwájú mi dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá ní ọdún mẹ́ta. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí simi. Okùn yìí ti mọ̀ ọ́n lórúkọ."

Ọ̀gá ní, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé ó mọ ìwọ náà?"

Ó ní kí Kọ̀jó jókòó, kí ó tú okùn kejì. A jọ wà níbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Òfin kan ṣoṣo ni Ọ̀gá ní tí kò gba àwáwí. Nígbà tí a bá ń fa okùn, ẹnu kan ló gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, ẹnu tirẹ̀ sì ni. Ó ní okùn tó ti le máa ń sọ ohun tó ń ṣe é, ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ kò ní gbọ́ ọ. Òfin náà tẹ́ mi lọ́rùn ju bó ti tẹ́ àwọn yòókù lọ. Níbi tí ẹlòmíràn ti ń fi agbára pa ẹnu mọ́, ilé mi ni èmi wà.

Ọ̀gá kò lọ ilé ẹ̀kọ́ afárá, ṣùgbọ́n ó mọ bí iṣẹ́ náà ṣe dé ibi tó dé. Ó máa ń sọ ọ́ nígbà tí a bá ń jẹun. Igi ọ̀pẹ ni àwọn bàbá wa ń gbé dábùú odò. Ó dára, ṣùgbọ́n igi kò lè gùn ju ara rẹ̀ lọ, ìkún omi kan sì tó láti gbé e lọ. Àwọn mìíràn to òkúta, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí ọrun, òkúta sì ń ti òkúta kí ó má wó. Irin dé lẹ́yìn náà. Wọ́n gbé òpó sínú omi, wọ́n tẹ́ irin lé e, wọ́n tún gbé òpó mìíràn. Ṣùgbọ́n odò mìíràn jìn, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀, kò gba òpó. Ọ̀gá á wá fi ìka kan ilẹ̀, á ní, "Ibi tí igi parí sí, ibẹ̀ ni okùn ti bẹ̀rẹ̀."

Afárá olókùn kò nílò òpó láàárín omi. Òpó gíga kan wà ní bèbè ìhín, ọ̀kan wà ní bèbè ọ̀hún, okùn kọjá lórí wọn, pákó tí ènìyàn ń rìn sì so rọ̀ mọ́ okùn náà. Ohun tí ojú kì í sábà rí ni ibi tí okùn parí sí. Lẹ́yìn òpó kọ̀ọ̀kan, a máa ń gbẹ́ kòtò ńlá, a ó da bẹ́tọ́ọ̀nù sí i, ìyẹn sìmẹ́ńtì, iyanrìn àti òkúta tí a pò pọ̀. Òrùka irin tó nípọn á wà nínú rẹ̀, a ó sì so okùn mọ́ òrùka náà. Ìdákọ̀ró ni à ń pè é, bíi ti ọkọ̀ ojú omi. Gbogbo ènìyàn máa ń wo òpó. Ìdákọ̀ró ló ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ni a fi ń fa okùn, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan tó ní ọ̀pá tí ènìyàn ń tì síwá sẹ́yìn. Ọ̀gá á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé okùn, á sọ pé ó tó tàbí kò tó. Lẹ́yìn ọdún bíi méje, ẹ̀rọ olómi-epo dé, tí agbára epo inú rẹ̀ ń fa okùn, tí ọwọ́ aago rẹ̀ ń tọ́ka sí iye ẹrù tó wà lórí okùn. A lọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ẹlòmíràn lórí afárá ńlá kan, tó jìnnà sí ìlú wa. Níbẹ̀, inú ike ni okùn ti ń dé, kò sí fọ́nrán tí ènìyàn lè fọwọ́ wá. Gíláàsì kan bíi ti tẹlifísọ̀n ló ń sọ iye ẹrù náà fún wọn. Ọ̀gá ṣì máa ń gbé ọwọ́ lé okùn, á sọ iye tirẹ̀ kí gíláàsì tó sọ tirẹ̀. Iye tirẹ̀ máa ń sún mọ́ ti gíláàsì gan-an. Nígbà tó yá, kò sọ ọ́ mọ́. N kò mọ ọjọ́ tó dáwọ́ dúró.

Wọ́n sọ fún wa níbẹ̀ pé afárá tó ń bọ̀ yóò ní etí nínú ara rẹ̀, yóò máa ròyìn fún àwọn tó jókòó sí ọ̀nà jíjìn bí fọ́nrán kan bá fẹ́ já. Wọ́n ní okùn kan ti wà tí kì í ṣe irin, tó fúyẹ́ ju irin lọ, tí kì í dípẹtà, yóò sì jẹ́ kí afárá kan kọjá omi tí a kò lè rí òdìkejì rẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Ìṣírò rẹ̀ kò ní bà mí lẹ́rù. Ìgbà tí ènìyàn bá ń fi ẹnu gbé ìṣírò náà dé ọ̀dọ̀ ènìyàn mìíràn ni ẹ̀rù máa ń bà mí, ohun tó sì fà á ni mo fẹ́ sọ yìí.

Odò kan wà láàárín Ìsàbà àti Towé tí kì í ju kí ènìyàn ká aṣọ sókè lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà òjò, ó máa ń gba gbogbo àfonífojì náà. Ẹni tí oko rẹ̀ wà ní òdìkejì á máa wo àgbàdo rẹ̀ tó ń jẹrà. Wọ́n fún wa ní iṣẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ níbẹ̀. Oníwèé tó ya àwòrán rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Mùsíè, ọmọ òkè àríwá ni. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, kì í sì í bú ènìyàn. Kò gbọ́ Yorùbá, nítorí náà èmi ni mo ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún Ọ̀gá àti àwọn ará abúlé. Mo ti kọ́ Faransé sí i lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kò ṣòro fún mi láti sọ, torí kì í ṣe tèmi.

Mùsíè bi mí lọ́jọ́ kan pé ọjọ́ mélòó mélòó ni wọ́n ń ná ọjà abúlé. Ọrún ni a ń ná an. Mo dá a lóhùn ní Faransé pé ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni, nítorí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ń sọ Faransé lágbègbè wa ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ̀yin náà mọ̀ bí ọrún ṣe rí. Bí a bá ná ọjà lónìí, òní ni ọjọ́ kìíní. Ọjọ́ mẹ́ta á wà láàárín, a ó sì tún ná an ní ọjọ́ karùn-ún. Nínú ìwé Mùsíè, ọjọ́ mẹ́rin ni ìyẹn. Òní kì í sí nínú ìṣírò tirẹ̀. Nínú tiwa, òní ni a fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ ọjà ni a da bẹ́tọ́ọ̀nù ìdákọ̀ró. Bẹ́tọ́ọ̀nù máa ń le lójú kí ó tó le nínú, ó sì ní iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ fi sùn kí okùn tó fà á. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni Mùsíè kọ sínú ìwé. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé àwọn ará abúlé, ó sì yíjú sí mi, ó ní kí n sọ fún wọn pé ọjà márùn-ún ni kí ẹnikẹ́ni má fi fọwọ́ kàn án. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ní àwọn gbọ́. Ní ọjọ́ kejì, Mùsíè lọ sí ibi iṣẹ́ mìíràn, Ọ̀gá Rafíù náà lọ síbi tirẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a dà á, bí mo ti ń lọ sílé ni mo ṣírò ó. Òní ni ọjà kìíní. Ìkarùn-ún yóò bọ́ sí ìtàdógún. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún péré ni ìyẹn nínú ìwé Mùsíè. Mo ní ní ọkàn mi pé oníwèé ni, ó gbọ́dọ̀ ti mọ̀. Mo ní bí mo bá bi í, yóò dà bí ẹni pé mò ń kọ́ ọ níṣẹ́. N kò bi í.

Nígbà tí Ọ̀gá Rafíù padà dé, òjò ti ń ṣú ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Àwọn àgbẹ̀ ń wá lójoojúmọ́ láti béèrè ìgbà tí àwọn yóò kọjá. Ó sọ̀ kalẹ̀ síbi ìdákọ̀ró, ó fi òòlù kàn án, ó tẹ́tí. Ó tún kàn án níbòmíràn. Ó pè mí.

"Àyọ̀ká, kí ni Mùsíè wí?"

"Ọjà márùn-ún, Ọ̀gá."

"Òní ńkọ́?"

"Òní ni ìkarùn-ún."

Ó tún gbé òòlù sókè, kò kàn án mọ́. Ó ní kí a mú okùn wá.

A fà á láti òwúrọ̀. Gẹ́gẹ́ bí òfin, ẹnu Ọ̀gá nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sán, nígbà tí okùn ti kúrò nílẹ̀ tó sì ń dún, mo rí ìlà tín-ín-rín kan lára bẹ́tọ́ọ̀nù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùka. Mo la ẹnu. Kí ohùn tó jáde, òrùka náà ti yọ bí eyín ọmọdé. Okùn kò já. Ìdákọ̀ró ló jọ̀wọ́ rẹ̀. Okùn na ilẹ̀, ó na ẹsẹ̀ Kọ̀jó tó dúró nídìí òpó, ó sì gbá gbogbo pákó tí a tò sí bèbè wọ inú odò. Egungun ẹsẹ̀ Kọ̀jó dá sí ibi méjì. Kò kú, kò sì sí ẹlòmíràn tó fara pa.

Wọ́n pe ìpàdé. Mùsíè ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lòun wí, kò sì tíì pé nígbà tí wọ́n fa okùn. Òótọ́ ló ń sọ, nítorí lọ́kàn tirẹ̀ ohun kan náà ni ọjà márùn-ún àti ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Èmi ni wọ́n ní kí n túmọ̀ ẹ̀sùn náà fún ọ̀gá mi. Mo túmọ̀ ọ́, n kò fi kún un, n kò yọ kúrò. Ọ̀gá Rafíù gbọ́ ọ tán, ó wo ojú mi, ó ní, "Ọwọ́ mi ló fà á." Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé oníṣẹ́ irin kánjú, àti pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan okùn afárá mọ́.

Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní tèmi, tara ẹlòmíràn ni mo dákẹ́ lé lórí. Òjò rọ̀, odò kún, àgbàdo àwọn ará ibẹ̀ jẹrà bí ti àtẹ̀yìnwá. Nígbà tí omi ń fà, mo gun zẹ́mí, ọ̀kadà tiwa, lọ sí Sakété. Mo bá Ọ̀gá nínú ilé ìtajà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń fi apá wọn aṣọ fún obìnrin kan, ó sì ń wọ̀n ọ́n bí ẹni wọn okùn, tó ń fà á le. Obìnrin náà ní kí ó rọra, kí ó má fa aṣọ òun ya. Nígbà tí ó lọ tán, mo sọ ohun tí mo bá wá.

"Ọ̀gá, mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé kò tíì pé."

Ó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. "Èmi náà mọ̀. Òòlù ti sọ fún mi. Mo bi ọ́ kí n lè rí ẹnì kan tí yóò ní kí a dúró."

"Èmi náà ń dúró kí ẹ sọ ọ́ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Àwa méjèèjì ń dúró. Okùn nìkan ni kò dúró."

Mo ní mò ń lọ bá Mùsíè, kí n lè tún orúkọ Ọ̀gá ṣe. Ó mi orí. Ó ní, "Fi orúkọ mi sílẹ̀. Ìwé yẹn ni kí o lọ tún ṣe. Wọ́n kọ síbẹ̀ pé oníṣẹ́ irin kánjú. Lọ́la, wọn ó sọ fún oníṣẹ́ irin mìíràn pé kó má kánjú, yóò sì tún dúró de ọjà márùn-ún."

Mo kọ́kọ́ ya ọ̀dọ̀ Kọ̀jó. Òun ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. Ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí, ó gbọ́ mi dé òpin. Ó ní, "Nítorí ìtìjú ni mo ṣe ń tiro?" Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí, ó ní, "Ó dára. Bí o bá tún fẹ́ tijú, kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ tán, kí o wá lọ tijú." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ojú rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín.

Mùsíè wà ní etí odò pẹ̀lú àwọn ènìyàn mẹ́rin, wọ́n ń wọn ilẹ̀ fún ìdákọ̀ró tuntun. Mo bẹ̀rẹ̀, mo to òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, mo fi òkúta pupa sí gbogbo ọjọ́ ọjà. Mo ní kí ó kà á. Ó kà á ní Faransé, ó dé òkúta pupa karùn-ún, ó dúró. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún un kà.

Ó bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ fún òun lọ́jọ́ náà.

Mo ní, "Mùsíè, ẹ kò bi mí."

Ó ní òun kò mọ̀ pé ohun kan wà tó yẹ kí òun bi.

Ó kọ ìwé mìíràn. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun lòun fi ọjà ka ọjọ́ láì béèrè bí wọ́n ṣe ń ka ọjà, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí ìdí ọ̀rọ̀ náà. N kò rò pé ó rọrùn fún un. Wọ́n pe Ọ̀gá Rafíù padà. Kí Ọ̀gá tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó kó gbogbo wa jọ, ó ní òfin ti yí: nígbà tí a bá ń fa okùn, ẹnu kan; kí a tó fà á, gbogbo ẹnu. Ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀ kò ní bá òun fà á. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ mi.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń bi mí léèrè, iṣẹ́ yìí dára. Ó le, ó máa ń jẹ ọwọ́, àwọn ènìyàn á sì máa bi yín léèrè ẹni tó ran yín níṣẹ́. Ẹ̀rọ yóò gba púpọ̀ nínú ohun tí mo kọ́, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó mọ bí a ṣe ń ka ọjà kò ní yé wúlò níbi tí oníwèé bá ti dé láti ọ̀nà jíjìn, bí òun fúnra rẹ̀ bá ti lè la ẹnu.

A da ìdákọ̀ró tuntun. Kí bẹ́tọ́ọ̀nù tó gbẹ, mo fi ìṣó kọ ọjọ́ tí a dà á sí ara rẹ̀, mo sì kọ ọjọ́ tí a lè fà á sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ pé, a fa okùn, a so pákó mọ́ ọn, ó kan kí ẹnì kan kọjá. Kọ̀jó ní òun ni. Kò lè gun òpó mọ́, ọ̀pá ló fi ń rìn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bá a jiyàn. Àwọn àgbẹ̀ dúró ní bèbè méjèèjì. Mùsíè wà níbẹ̀, Ọ̀gá Rafíù wà nídìí ìdákọ̀ró. Kọ̀jó dé etí pákó àkọ́kọ́, ó dúró, ó yíjú padà. Kò wo Mùsíè, kò wo Ọ̀gá.

Ó ní, "Àyọ̀ká, ó pé àbí kò tíì pé?"

Gbogbo wọn wá ń wò mí. Mo ní, "Ó pé. Láì ka ọjọ́ tí a dà á."

Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé pákó náà.